Ogbó Àfọwọ́kùn

Àwọn tó ń kọ́lé ní Ọ̀fà lóde òní kò fẹ́ kí ilé tuntun jọ ilé tuntun mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ P.O.P. (Plaster of Paris), funfun báláú ni gbogbo ayé ń bèèrè: sílíìn funfun, kọ́nísì funfun, òdòdó ńlá láàárín pálọ̀ níbi tí wọ́n máa so iná rọ̀ sí, òun náà funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dà góòlù dé, tó wá di pé pálọ̀ olówó kan kò gbọ́dọ̀ má tàn yanranyanran. Ní báyìí, ẹni tó bá ti dé Dubai tàbí Istanbul, tó ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi fọ́tò inú fóònù hàn mí, á ní: "Ọ̀gá P.O.P., èyí tó ń dán yẹn ti sú mi. Bá mi ṣe é kó dà bí ohun ayé àtijọ́."

Mo mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í ṣe àṣírí. A ó po P.O.P. mọ́ omi, a ó dà á sínú móòdù rọ́bà, a ó tẹ́ fáíbà sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń le, ṣùgbọ́n líle kọ́ ni gbígbẹ. Nígbà òjò, ẹni tó bá kanjú kùn ún á rí i tí ọ̀dà náà máa wú, tí á sì bó. Tó bá gbẹ dénú, a ó fi gúlúù funfun tí a fi omi là pa á lójú, kí ibì kan má baà mu ọ̀dà ju ibì kan lọ. Ẹ́múlṣọ̀n aláwọ̀ eyín erin ló máa tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an: ọ̀kísáìdì aláwọ̀ ilẹ̀, dúdú díẹ̀ nínú rẹ̀, tí a pò mọ́ fáníìṣì títí tó fi ṣàn. A ó kùn ún bo gbogbo ara rẹ̀, kó tó gbẹ, a ó fi àkísà nù ún kúrò lórí ibi tó yọ, kó lè ṣẹ́kù sínú kòtò àti igun. Tí ìyẹn náà bá gbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó ní funfun díẹ̀ létí ra àwọn ṣóńṣó. Èmi a máa fi pólíìṣì bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ parí rẹ̀, kí pólíìṣì náà tó gbẹ, màá fẹ́ eruku pupa tí a ti sẹ́ kúnná sí i. Eruku ojú ọ̀nà wa ni. Kò sí àwọ̀ inú agolo tó tó o.

Ọmọ iṣẹ́ tuntun á kùn ún káàkiri, irọ́ rẹ̀ á sì hàn lójú ẹsẹ̀, torí ogbó kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Orí ibi tó tẹ́ ni eruku ń jókòó sí, kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń kàn máa ń dán, ibi tí oòrùn ń pa máa ń ṣá, èéfín kì í dé gbogbo ibi lọ́gbọọgba. Nítorí náà, kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo máa ń bi ara mi léèrè: ní ilé tí nǹkan yìí ti pẹ́, apá ibo ni fèrèsé wà? Ta ló ń gbá a mú tó bá ń bọ́ bàtà? Níbo ni wọ́n ń gbé àtùpà kọ́? Àwọn èèyàn tí kò gbé ayé rí ni mò ń dá sílẹ̀ yẹn, tí mò ń fún ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa ògiri fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó dùn ún ṣe. Ohun tó bá wá dùn tó báyìí, tó tún ń mówó wá, ó yẹ kí ẹni tó bá ń kírun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Alhaji kan ló jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó kọ́lé tó rẹwà sí ìta ìlú, ó ní kí n ṣe wàláà ńlá kan síwájú ilé: apata, ọrun àti apó ọfà, ní ìrántí Ọlálọ́mi Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba tafàtafà tó ti Ọ̀yọ́ wá tẹ ìlú wa dó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, torí èmi kì í ṣe ère orí èèyàn. Ọfà àti ewé kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó ní kó gbó dáadáa. Mo ní kò burú. Ó wá ní kí n kọ 1885 sísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé: "Alhaji, kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1885?"

"Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣáà ba ojú mu. Kí àlejò mọ̀ pé ìdílé wa kì í ṣe ti àná."

"Ṣé ká kúkú kọ ọdún tí ẹ kọ́ ilé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa dúró ka ìyẹn?"

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀fà mọ̀ pé 1885 kì í ṣe ọdún tí a fi ń ṣeré. Láàárín ọdún 1880 sí 1890, ọrùn ìlú yìí ni ogun Ìlọrin wà. 1890 ni Ọ̀fà fọ́, tí àwọn èèyàn sì túká. Ilé Ọ̀fà tó bá sọ pé òun ti wà láti 1885, ohun tó ń sọ ni pé òun la ìfọ́nká yẹn já. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n lè sọ ìtàn bẹ́ẹ̀ tí a ó fi gbọ́, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wọn wà nínú rẹ̀. P.O.P. tèmi kò sí ńbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé nǹkan yẹpẹrẹ lásán ni. Lórílẹ̀-èdè yìí, ogbó lágbára nílé ẹjọ́. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni pé kéèyàn ti wà lórí ilẹ̀ náà pẹ́ tó sì ń gbádùn rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 náà sọ pé ìwé tó bá ti pé ogún ọdún, tó sì ti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ilé ẹjọ́ lè gbà á ní ojúlówó láìpe ẹni tó kọ ọ́. Wàláà kì í ṣe ìwé o. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọmọ ọmọ Alhaji ní ọdún 2070, tí kò mọ̀ mí, tí kò mọ móòdù mi, tó dúró níwájú wàláà yẹn tó sì ń ya á ní fọ́tò fún lọ́yà.

Ìbéèrè mi nìyí: bí ọdún yẹn bá jẹ́ irọ́, kí ni búrọ́ọ̀ṣì mi jẹ́? Ṣé òun náà kì í purọ́ ni?

Bùrọ̀dá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Onítẹ̀bọmi ni. Nígbà tí a ń jẹ ànàmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó rán mi létí àwọn ará Gíbéónì nínú Ìwé Jóṣúà, orí kẹsàn-án. Ìtòsí ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ti lẹ̀, wọ́n gbé ìgò awọ tó ti ya tí wọ́n dì, wọ́n mú àkàrà tó ti gbẹ tó bu, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn réré ni àwọn ti wá, pé àkàrà náà gbóná nígbà tí àwọn kúrò nílé. Jóṣúà bá wọn dá májẹ̀mú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé aládùúgbò ni wọ́n. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín náà nìyẹn. Àwọn ni baba àwọn tó ń sọ nǹkan di àtijọ́."

Mo rò ó títí. Bàtà gbígbó kì í ṣẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà gbígbó gba ọjà Owódé kọjá, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹnu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Gíbéónì, pé ọ̀nà jíjìn la ti wá, àkàrà bíbu sì wá dúró bí ẹlẹ́rìí ẹnu. Bí ẹnu bá dákẹ́, àkàrà náà ì bá jẹ́ àkàrà bíbu lásán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wàláà Alhaji ṣe rí lójú mi. Títí di ìgbà tí ọdún fi wọ ibẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni eruku àti pólíìṣì bàtà. Bí a bá kọ 1885, gbogbo ibi tí mo fi àkísà nù máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí èké lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ẹ̀sìn tèmi, ìtàn tó sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa jù ni ti oníṣòwò oúnjẹ kan. Ànábì kọjá níbi òkìtì oúnjẹ ọkùnrin náà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì sọ pé atannijẹ kì í ṣe ara àwa. Ẹ wò ó: kò ní kó má ta oúnjẹ tútù. Ibi tó gbé e sí ló tìtorí rẹ̀ bá a wí.

Ìtàn kejì ló là mí lójú jù, torí ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, wọ́n mú Abú Kuháfà, bàbá Abú Bákírì, wá síwájú Ànábì, orí àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun pátápátá. Ànábì ní kí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú. Àwọn àlùfáà kò fi ẹnu kò lórí bí dúdú náà ṣe le tó. Èmi kì í sì í ṣe àlùfáà. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọlọ́dà, ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ rèé: làálì ni wọ́n sábà ń fi pa irùngbọ̀n, pupa ni làálì sì ń pọ́n, kò sì sí àgbàlagbà Ọ̀fà tí a bí irùngbọ̀n pupa mọ́. Ẹni tó rí i mọ̀ pé àgbà ló fi làálì ṣe ọ̀ṣọ́. Dúdú ni kì í jẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀dà tó ń jẹ́wọ́ pé ọ̀dà ni òun kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

(Alhaji wa yìí, kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í jẹ́ kí ewú kan ṣoṣo yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ara tó ti gbó, ó fẹ́ kó dúdú. Ilé tó ṣì ń rùn fún sìmẹ́ǹtì, ó fẹ́ kó hewú. Mi ò sọ ọ́ lójú rẹ̀.)

Ọmọ poli kan tó máa ń wá bá mi ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí mi ò rò. Ó ní: "Ọ̀gá, ṣé Ọlọ́run náà kò ṣe irú iṣẹ́ yín? Ṣebí àgbàlagbà ló dá Ádámù, kò dá a ní ọmọ ọwọ́." Ẹnì kan ti gbé ìbéèrè yẹn dé òpin rẹ̀ rí. Ní 1857, Philip Henry Gosse, onímọ̀ ẹranko àti onígbàgbọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tó pè ní Omphalos. Ó ní ayé kò pẹ́, pé Ọlọ́run ló dá a pẹ̀lú àmì ogbó lára: igi pẹ̀lú òrùka ọdún nínú, Ádámù pẹ̀lú ìdodo, àpáta pẹ̀lú egungun ẹranko. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò gbà á. Charles Kingsley, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà, kò gbà á rárá. Ó ní òun kò lè gbà gbọ́ pé Ọlọ́run kọ irọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ sára òkúta.

Ẹ̀yìn Kingsley ni mo wà, ìdí tèmi sì ti ibi iṣẹ́ wá. Mo mọ ohun tí ó ń ná ẹni tó bá ń sọ nǹkan di àtijọ́. Gbogbo ibi tó dán lára wàláà mi, ọwọ́ ẹni tí kò sí rí ni. Bí egungun inú àpáta bá jẹ́ ọ̀ṣọ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run ló jókòó tó ń ro ikú ẹranko tí kò wà láàyè rí, tó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ tí kò rìn rí. Iṣẹ́ èèyàn bíi tèmi nìyẹn, tí òtẹ́ẹ̀lì Dubai ti wọ̀ lójú. Ẹni tó ni ìgbà, kí ló fẹ́ fi ìgbà àfọwọ́kùn ṣe?

P.O.P. fúnra rẹ̀ sì ti tó ẹ̀rí. Òkúta jípsọ́ọ̀mù ni wọ́n ń yan kó tó di P.O.P. Lórí òkè Montmartre ní Paris ni wọ́n ti ń wà á tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ó wà nílẹ̀ ní Nafada ní Gombe, ní Fika ní Yobe, àti ní apá Sókótó. Lọ́pọ̀ ibi láyé, òkun tàbí adágún àtijọ́ tó gbẹ ló fi í sílẹ̀, kí èèyàn tó dé ayé. Wọ́n á yan án níná tó tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi inú rẹ̀ á sá lọ, á di ìyẹ̀fun. Èmi á dá omi náà padà fún un, á sì tún di òkúta. Ohun tó dàgbà ju Ọ̀fà, ju Ọ̀yọ́, ju Ádámù lọ ló wà nínú àpò tí mò ń rà, ó sì funfun bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Kò sí àmì ogbó kankan lójú rẹ̀. Àwọn ará inú ihò àpáta inú Kùránì náà, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé mẹ́sàn-án, ìyẹn 309, ni wọ́n fi sùn. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n rò pé ọjọ́ kan ni tàbí apá kan rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ ìtàn náà ní owó àtijọ́ tí wọ́n rán ọ̀kan nínú wọn láti fi ra oúnjẹ ló tú àṣírí wọn. Ara híhunjọ kọ́.

Ibi tí ogbó wà nìyẹn: kò sí lójú nǹkan. Ní 1910, Leo Frobenius láti Jámánì rí orí idẹ kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun. Ó fẹ́ gbé e lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì ní kó dá a padà. Nígbà tó di 1949, Leon Underwood àti William Fagg yẹ èyí tó wà ní Ifẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dà ni, pé inú iyanrìn ni wọ́n dà á sí, kì í ṣe ọ̀nà ìda oyin tí àwọn baba ń lò. Àwọn mìíràn ti jiyàn rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ohun tó kàn mí ni pé orí náà kò yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn. Imú rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, bó ṣe rí lánàá náà ni. Síbẹ̀, inú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ẹwà nìkan la ń wá lára ohun àtijọ́, kò yẹ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Ohun tí a ń wá ni pé ó wà níbẹ̀: pé nígbà tí àwọn tó ti kú wà láàyè, ó wà pẹ̀lú wọn. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe ìyẹn, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ẹ lọ sí Èsìẹ́, kò jìnnà sí wa. Àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rin wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ti ṣẹ́ lọ́rùn, imú ti lọ. Àwọn ará ìlú ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Kò sẹ́ni tó kọ ọdún sí wọn lára, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Wàláà tí Alhaji ń fẹ́ ní ọdún, kò ní ìgbà. Ère Èsìẹ́ ní ìgbà, kò ní ọdún.

Mo ṣe wàláà náà fún un, mo sọ ọ́ di ohun àtijọ́ dé ibi tí ọwọ́ mi lè dé, mo sì kọ̀ láti kọ ọdún sí i. Kò bá mi jà. Ó san owó mi pé, ó sì pe ọmọ tó ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀, ìyẹn fi ọ̀dà dúdú tó ń dán kọ 1885 gàdàgbà sábẹ́ apó ọfà. Ó ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó wò ó tí kò mọ̀ pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Bùrọ̀dá ní Ọlọ́run ló gbèjà wa.

Èmi ní àṣà kan. Kí P.O.P. tó le nínú móòdù, mo máa ń fi ìṣó ha ọdún tí a wà àti orúkọ Ọ̀fà sẹ́yìn gbogbo ohun tí màá kùn di àtijọ́. Bùrọ̀dá ti bá mi jiyàn lórí rẹ̀: ó ní ẹ̀yìn ni ìsàlẹ̀ òkìtì, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ tútù wà. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ sí onílé létí níṣojú ọmọ rẹ̀, tí ọmọ bá wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ má tijú ilé tuntun. Ẹ pè mí, màá fún yín ní eruku, èéfín àti ibi tí ọwọ́ ti pa dán, màá sì ṣe é kó wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n kọ ọdún síbẹ̀, ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni mo máa kọ.